Mo fẹ́ kọ́ táńkì ẹja ńlá tó ní fèrèsé gíláàsì síwájú ṣọ́ọ̀bù pẹpẹ súùpù wa n'Ìkéré, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Olósùnta (Ìkéré)
Èkìtì kete o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ilé. Ìyàwó mi ń ta pẹpẹ súùpù ẹja àrọ̀ n'Ìkéré níbí, póìǹtì-áńdì-kíìlì, ọdún kẹrin rèé. Inú dúrọ́ọ̀mù dúdú là ń kó ẹja sí, tí kọ́sítọ́mà bá dé á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ á máa yọjú wonú dúrọ́ọ̀mù bí ẹni tí owó ẹ̀ já sí kànga, ẹja ò sì ní hàn, torí omi dúdú, dúrọ́ọ̀mù dúdú, ẹja náà dúdú. Mo wá rò ó pé kí n kan táńkì ńlá kan síwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ gíláàsì, kí èèyàn jókòó sórí àga ẹ̀ kó máa wo èyí tó fẹ́ jẹ. Plywood ni mo ní lọ́kàn, 8 fíìtì ní gígùn, 4 fíìtì ní ìbú, 3 fíìtì ní gíga, kí ojú fèrèsé jẹ́ 6 fíìtì sí 2 fíìtì. Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe káfíńtà ní ọjọ́ méjì lòun máa fi kàn án, ó ní gíláàsì lúfà tó ṣẹ́ kù nílé la máa tò síbẹ̀. Lúfà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ẹ bá mi dá sí i.

Tíṣà Físíìsì (Adó)
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn, ọgbọ́n ni. Ẹ má fi lúfà síbẹ̀ rárá. Lítà omi kan, kílò kan ni. Tẹ́ ẹ bá rọ omi dé 2 fíìtì ààbọ̀ nínú táńkì tẹ́ ẹ sọ yìí, ó ti lé ní 2,200 lítà, ìyẹn lé ní tọ́ọ̀nù méjì, omi nìkan o, a ò tíì ka igi, gíláàsì àti ẹja. Ṣùgbọ́n bí omi ṣe pọ̀ tó kọ́ ló ń ti gíláàsì, bó ṣe jìn tó ni. Kódà kí táńkì yẹn gùn láti Ìkéré dé Adó, tí omi inú ẹ̀ ò bá ti jìn ju 2 fíìtì ààbọ̀ lọ, bó ṣe máa ti fèrèsé yẹn náà nìyẹn, kò ní fi nǹkan kan lé e. Mo bá yín ṣírò ẹ̀: tí ojú fèrèsé bá bẹ̀rẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin sísàlẹ̀ ojú omi, gbogbo ohun tó ń tì í máa tó bíi 450 kílò. Báàgì sìmẹ́ǹtì mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹ wá fojú inú wò ó kí báàgì mẹ́sàn-án fẹ̀yìn ti lúfà tọ̀sán tòru, ìsàlẹ̀ ló sì ti ń tì jù.

Èmi ò ní bá yín lọ sísàlẹ̀ 12mm, tẹ́ ẹ bá rí 15mm ẹ gbé e. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nì kan sọ fún yín pé kẹ́ ẹ to 6mm méjì pọ̀ pé ó ti di 12. Kò dì í. Tẹ́ ẹ bá kàn tò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdajì agbára 12mm ló máa ní, torí gíláàsì tó bá nípọn ní ìlọ́po méjì, agbára ẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Baba Gíláàsì (Àjìlóṣùn, Adó)
Tíṣà ti sọ ọ́ tán lórí bó ṣe nípọn, ẹ jẹ́ n sọ irú èyí tẹ́ ẹ máa rà. Táńpà (tempered) yẹn le lóòótọ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti yan án tán kò ṣeé gé kò ṣeé lu, tí ẹ bá fẹ́ ẹ ẹ lọ fún wọn ní mẹ́són yín pé pérépéré kí wọ́n tó yan án, tó bá sì fọ́, gbogbo ẹ̀ ló máa tú ká wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo omi á sì bá a jáde. Èyí tí wọ́n lẹ̀ méjì pọ̀ tí wọ́n fi rọ́bà sáàárín, bíi gíláàsì iwájú mọ́tò, tí ọ̀kan bá sán, èkejì ṣì lè dá omi dúró kẹ́ ẹ fi ráàyè kó ẹja. Níwájú ṣọ́ọ̀bù tọ́mọdé ń sáré kiri, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Èyí tó bá wù kẹ́ ẹ rà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rin ẹnu ẹ̀ dáadáa, ẹnu tó bá rí ṣákaṣàka ibẹ̀ ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ wá rèé o, ẹ gbọ́: INÚ ni kẹ́ ẹ ti lẹ gíláàsì yẹn, kì í ṣe ìta. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí gíláàsì fi ínṣì méjì ju ojú fèrèsé lọ yí ká, kó wá látinú táńkì kó fara ti ara igi tàbí ara ògiri. Bí omi bá ṣe ń tì í tó ló ṣe máa le mọ́ ibi tó fara tì, bí ilẹ̀kùn tí èèyàn fi ẹ̀yìn tì látinú yàrá. Tó bá jẹ́ ìta lẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, sílíkọ́ọ̀nù (gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì) nìkan ló kù tó ń di tọ́ọ̀nù omi mú, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa rẹ̀ ẹ́.

Wẹ́dà Ìjerò
Baba, ẹ dárúkọ ẹjọ́ mi. Ìta ni mo lẹ tèmi mọ́. Irin ni mo fi jó férémù tèmi torí iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, mo kun ún, ó dán, mo ya fọ́tò ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ó lo ọjọ́ mọ́kànlá gbáko kò jò. Ọjọ́ kejìlá, ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà téèyàn ń fa téèpù ya, mo ní eku ni, mo yíjú sí ògiri. Ìgbà tí mo máa sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ẹja epìyà ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lábẹ́ sẹ́tìí àga, ìyàwó mi gbé iná fóònù sókè kò sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wò mí. Gíláàsì ò fọ́ o, ó kàn ṣí lára irin bí ìwé ni. Mo ti ṣe òmíì látìgbà yẹn, inú ni mo lẹ̀ ẹ́ sí.

Bíríkìlà Adó
Ẹ̀yin Ìkéré, plywood ní gbangba ìta? Ikán ńkọ́? Mo ti ṣiṣẹ́ lágbègbè yín, mo mọ nǹkan tí ikán ń fi férémù ilẹ̀kùn ṣe níbẹ̀. Ẹ mọ ọ́n ní búlọ́ọ̀kù jàre. Ẹ kọ́kọ́ da kọnkéré sílẹ̀ kó nípọn dáadáa, kó sì tẹ́, kẹ́ ẹ wá fi búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án mọ ọ́n, kẹ́ ẹ ki irin 12mm sí ihò búlọ́ọ̀kù láti inú kọnkéré ìsàlẹ̀ wá sókè, kẹ́ ẹ rọ kọnkéré kún gbogbo ihò, kẹ́ ẹ wá fi bíìmù de orí ẹ̀ yí ká. Bíìmù orí yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Omi ń ti ògiri síta ni, òkè ló sì ti máa kọ́kọ́ ṣí tí kò bá sí ohun tó dè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá fi igi ṣe é. Ibi tí gíláàsì máa jókòó sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ kó dán bíi dígí, ẹ fi ìlà gígùn wò ó. Hóró yanrìn kan péré tó bá yọrí tó fi kan gíláàsì, ó ti tó láti sán an.

Káfíńtà Ìyìn
Bíríkìlà fẹ́ jẹun lára ẹ̀gbọ́n ni o, ẹ fura lol. Èmi ti fi plywood ṣe méjì, inú pálọ̀ ni wọ́n wà, wọn ò tíì jò. Marine board 18mm, gọ́ọ̀mù àti skúrù, kì í ṣe ìṣó, ìṣó máa ń fà jáde. Épọ́sì (olómi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, tó máa ń gbẹ le koko) ni kẹ́ ẹ fi kun inú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, kẹ́ ẹ lẹ aṣọ fíbà mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ torí ibẹ̀ nigi ti máa ń mira. Kì í ṣe péǹtì olóìlì o, péǹtì olóìlì máa wú lábẹ́ omi á máa bó. Ẹ má sì kun épọ́sì lọ́jọ́ tójò bá ń ṣú, ọ̀rinrin máa jẹ́ kójú ẹ̀ funfun á máa yọ̀ bí òrí, nǹkan míì ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ìta ni, tí òjò ń pa á tí ikán ń bẹ, mi ò ní purọ́, Bíríkìlà ló lẹ́tọ̀ọ́.

Ọmọ Ìkògòsì
Ẹ jọ̀ọ́ èmi fẹ́ gbé tèmi sí pálọ̀ wa lókè, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ìwọ̀n kan náà.

Tíṣà Físíìsì (Adó)
@Ọmọ Ìkògòsì má ṣe é. Ilẹ̀ ilé gbígbé, nǹkan bíi 150 kílò lórí mítà kan níbùú lóròó ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Tìẹ á lé ní 750. Gbé e sí ìsàlẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja (Ìkọ̀lé)
Ẹ kú usẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo yín ń sọ gíláàsì, ẹnì kan ò tíì sọ ẹja. Mo ti ń sin àrọ̀ kí púpọ̀ nínú yín tó mọ̀ pé ẹja ń mu omi. Ọmọ Olósùnta, tó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù lo fẹ́ mọ, má da ẹja sí i lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá rẹ́ ẹ tán. Omi sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń ta, ó máa ń bó ẹja lára, ó tún ń sọ ìtọ̀ ẹja di májèlé ju bó ṣe yẹ lọ. Rọ omi kún un, gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, fi í sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan, dà á nù, tún un ṣe. Bébà pH kan wà tí wọ́n ń rì bọ omi, tó ń yí àwọ̀ láti fi bí omi ṣe ta tó hàn, ra ìyẹn, kó o fi wò ó, tó bá ṣì ń fi han ọ́ ju 8 ààbọ̀ lọ tún dà á nù. Tó o bá kun épọ́sì bo gbogbo inú ẹ̀, kò ní le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣì wò ó.

Omi ńkọ́? Kànga dẹ̀rọ ni àbí omi ẹ̀rọ ìjọba? Ti ìjọba, ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ kó sùn torí kúlóríìnì. Ti dẹ̀rọ, tó bá ní ìpẹtà, ó máa mọ́ gaara nígbà tó o bá fà á, tó bá di ọ̀la á ti pọ́n bí tíì, nítorí náà ẹ jẹ́ kó sùn nínú dúrọ́ọ̀mù kí ìpẹtà ẹ̀ rọlẹ̀.

Àrọ̀ ò ní fún ẹ ní wàhálà iná. Ó ń yọ ẹnu sókè mí afẹ́fẹ́, tí iná bá lọ títí di ọjọ́ kejì ó ṣì wà, epìyà ló máa kú. Nítorí náà fi bíi ínṣì mẹ́fà sílẹ̀ láàárín omi àti ìdérí kó rí ibi mí. Ṣùgbọ́n DÉ E o, fi nẹ́ẹ̀tì irin dé e, àrọ̀ máa fò, tí òjò bá rọ̀ lóru á rìn jáde, o máa bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láàárọ̀. Kó o sì ti nẹ́ẹ̀tì náà ní kọ́kọ́rọ́, torí ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà ń gbé ẹja. Ẹja tí kò tó ara wọn, má kó wọn pọ̀, ńlá máa gbé kékeré mì.

Ohun tó ń fẹ́ kí omi mọ́ ni fèrèsé rẹ, kì í ṣe ẹja. Má da yanrìn sísàlẹ̀, àrọ̀ máa fi irun ẹnu ẹ̀ tú gbogbo ẹ̀ sókè, o ò ní rí nǹkan kan. Jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rọra da sí ẹ̀gbẹ́ kan, fi páìpù ínṣì méjì síbẹ̀, kó o máa fa ìdá mẹ́ta omi jáde lójoojúmọ́. Má dà á sí gọ́tà, ẹ̀fọ́ ni kó o dà á sí, wà á rí bí tẹ̀tẹ̀ ṣe máa yọ. Dúrọ́ọ̀mù kan tó ní fóòmù àti òkúta wẹ́wẹ́ nínú, tí pọ́ǹpù ń da omi gba inú ẹ̀, náà dáa. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja ló máa ń gbénú fóòmù yẹn, ó máa ń tó oṣù kan kí wọ́n tó pọ̀ tó, nítorí náà ẹja díẹ̀díẹ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, omi táńkì náà ni kó o sì fi fọ fóòmù, má fi blíìṣì fọ̀ ọ́.

Wẹ́dà Ìjerò
Ẹ fi òjìjí kan sínú ẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ò ní débẹ̀ mọ́ 😂

Ìyá Ẹlẹ́ja (Ìkọ̀lé)
Ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọnú omi láàárọ̀. Ìwọ ọmọ yìí.

Ọmọ Olósùnta (Ìkéré)
Ẹ ṣeun gan-an. Búlọ́ọ̀kù ti wọlé. Ọmọ àbúrò mi ń bínú àmọ́ òun náà ló máa kan ìdérí. Baba Gíláàsì, sílíkọ́ọ̀nù wo?

Baba Gíláàsì (Àjìlóṣùn, Adó)
Èyí tó jẹ́ sílíkọ́ọ̀nù pọ́ńbélé, tó ń rùn bíi fínígà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ògiri ilé ìwẹ̀ bu, ẹ gbé e padà sórí káńtà, oògùn yẹn lè pa ẹja. Ẹ kun ibi tí gíláàsì máa jókòó ní épọ́sì kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí sílíkọ́ọ̀nù kì í fẹ́ràn eruku sìmẹ́ǹtì, tó bá gbẹ tán ẹ fi sáńdìpépà ra á, ẹ nù ún. Ẹ gé tíúbù ọ̀kadà kéékèèké bí èékánná, ẹ lẹ̀ wọ́n kálẹ̀ yí ká kí gíláàsì má bàa fún gbogbo sílíkọ́ọ̀nù jáde, kó má sì kan ògiri fúnra ẹ̀. Ẹ tẹ sílíkọ́ọ̀nù yẹn nípọn bí ìka, lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró, kí èèyàn mẹ́rin gbé gíláàsì wọlé kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, kẹ́ ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ yí ká títí ẹ ò ní rí òfuurufú kankan nínú ẹ̀ látìta. Ẹ fi ọ̀pá gbé e dúró. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kẹ́ ẹ tó fi omi kàn án, ọ̀sẹ̀ méjì dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Olósùnta (Ìkéré)
Ẹ̀yin ará, oṣù kejì rèé, mo ti padà dé. Ògiri dúró, épọ́sì gbẹ, gíláàsì wọlé. 12mm tí wọ́n lẹ̀ méjì pọ̀ ni, ó wúwo tó jẹ́ pé a ní láti pe àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí wá bá wa gbé e. A rọ omi dé ìdá mẹ́ta, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò jò. A rọ ọ́ dé ìdajì, kò jò. A rọ ọ́ kún, láàárọ̀ ọjọ́ kejì ilẹ̀ tutù lábẹ́ fèrèsé. Kò pọ̀, bí ìgbà tọ́mọdé tọ̀ ni, àmọ́ mi ò rí ibi tó ti ń jáde, gbogbo ìsàlẹ̀ gíláàsì ló tutù. Ṣé kí n fi sílíkọ́ọ̀nù gba orí ẹ̀ ni?

Baba Gíláàsì (Àjìlóṣùn, Adó)
Rárá o! Sílíkọ́ọ̀nù tuntun kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ sílíkọ́ọ̀nù tó ti gbẹ, ẹ máa gba orí ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni. Ẹ má rọ omi kún un mọ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí ojú omi láàárọ̀ lálẹ́. Ó máa lọ sílẹ̀ títí dé ibì kan, á dúró. Ibi tó bá dúró sí gẹ́lẹ́ ni ihò wà. Ẹ wá fi tíṣù gbígbẹ tọ gbogbo etí fèrèsé níbi ìlà yẹn látìta, ibi tó bá kọ́kọ́ rin níbẹ̀.

Ọmọ Olósùnta (Ìkéré)
Baba, ẹ̀mí yín á gùn. Ó dúró ní ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ ìgun òkè apá òsì. Mo sì rántí. Ibẹ̀ gan-an ni mo dé nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pè mí lórí fóònù, mo ní "a ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́", ó ní kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan péré. Ọ̀rọ̀ kan péré yẹn, sílíkọ́ọ̀nù ti gbé awọ sójú kí n tó padà sí i. A fa omi, a fi réésà gé gbogbo ẹ̀ kúrò, kì í ṣe ibẹ̀ nìkan, a tún un lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi ló pa gbogbo fóònù lọ́jọ́ náà, títí kan ti àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún báyìí, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹja ogójì ti wà nínú ẹ̀.

Káfíńtà Ìyìn
Ẹ kú oríire ẹ̀gbọ́n. Ọjà ńkọ́?

Ọmọ Olósùnta (Ìkéré)
Ọjà ń lọ, àwọn tó ń wòran náà ò kéré. Àmọ́ ìjà tuntun ti dé. Kọ́sítọ́mà á nawọ́ sí ẹja kan nínú gíláàsì, ìyàwó mi á gbé e jáde, kọ́sítọ́mà á ní kì í ṣe òun yẹn, èyí tóun mú tóbi jù ú lọ. Bàbá kan lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ní a ní ẹja tó ń súnkì. Ìyàwó mi búra fún un, ó ní òun ò ṣe oògùn. Èmi náà wò ó, mo rí i pé ẹja yẹn tóbi nínú omi lóòótọ́ ju ìgbà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ.

Tíṣà Físíìsì (Adó)
😂😂 Bàbá yẹn ò jẹ̀bi, ìyàwó yín náà ò jẹ̀bi. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣẹ́ tó bá ti inú omi bọ́ sí afẹ́fẹ́. Ohun tó bá wà ní fíìtì mẹ́rin sẹ́yìn gíláàsì, ojú á máa rí i bíi pé fíìtì mẹ́ta ni, torí náà ó máa jọ pé ó súnmọ́ni, ó sì máa jọ pé ó tóbi. Ẹ̀yìn táńkì ni ẹja ti máa ń jọ pé ó fi sanra jù.

Ìyá Ẹlẹ́ja (Ìkọ̀lé)
Gbé òṣùwọ̀n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kílò ni kí wọ́n máa rà, kì í ṣe ojú.

Ọmọ Olósùnta (Ìkéré)
Mo ti gbé e kọ́, mà.

Wẹ́dà Ìjerò
Èló wá ni kílò kan? Mò ń bọ̀ ní Sátidé, ẹja ẹ̀yìn táńkì ni mo fẹ́.